Ìwé-ẹ̀rí wo ló ń sọ ènìyàn di olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ìtàn rẹ̀ láti ayé Dahomey títí dòní

 

Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ wa bá ti gba licence dé láti yunifásítì, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi àwa olùkọ́: "Ọmọ yìí ti kàwé tó, kí ló dé tí wọn ò gbà á síṣẹ́ olùkọ́?" Àgbàlagbà mìíràn á fi tirẹ̀ kún un pé: "Ṣé àwọn tó kọ́ àwa láyé ọjọ́sí ní licence ni? Certificat ni wọ́n ní, a sì mọ̀wé lọ́wọ́ wọn." Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ìtàn, ńṣe ni a ó máa fi ọ̀kan bá èkejì jà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ń wí ni ibi tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti sixième títí dé troisième, tí ó fi ń ṣe BEPC. Ọdún mẹ́rin ni. CEG ni a ń pè é nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ CEG ló ti ní ìpele kejì tó ń lọ sí BAC lónìí.

OHUN MẸ́TA TÍ A MÁA Ń DÀ PỌ̀

Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba mọ̀, ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta ló máa gbà kọjá.

Èkíní ni ìmọ̀. Ṣé ó mọ ìṣirò, tàbí ìtàn, tàbí èdè Faransé tó fẹ́ fi kọ́ ọmọ? BAC, licence, maîtrise tàbí master ló ń jẹ́rìí sí ìyẹn.

Èkejì ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣé ó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ púpọ̀ nínú kíláàsì kan? Ṣé ó mọ bí a ti ń to ẹ̀kọ́ kí ó yé ẹni tó yára àti ẹni tó lọ́ra? Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ló ń jẹ́rìí sí ìyẹn, irú BAPES tàbí CAPES.

Ẹ̀kẹta ni ipò. Ṣé ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí yóò máa gbowó oṣù, tí yóò sì gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́la?

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó lè mọ aṣọ yàtọ̀ síra, kó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di aránṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní láti kọ́ ọ bí a ti ń gé e, bí a ti ń rán an, títí yóò fi ṣe libération fún un lójú ẹbí àti ará. Lẹ́yìn ìyẹn ló kù kó wá rí ṣọ́ọ̀bù. Licence ni mímọ aṣọ. BAPES àti CAPES ni libération. Ipò lọ́dọ̀ ìjọba ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ wa tó gba licence ti mọ aṣọ, àmọ́ wọn ò tíì ṣe libération. Àwọn mìíràn ti ṣe libération pàápàá, ṣọ́ọ̀bù ni wọn ò rí.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni ìtàn bí ìjọba ti ń ṣí ọ̀kan nínú ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta yìí tó sì ń ti òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àkókò ti ń yí.

KATEKÍSÌ, MONITEUR ÀTI INSTITUTEUR

Kí ìjọba Faransé tó dé, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ṣí ilé-ìwé. Ní ọdún 1861 ni Francesco Borghero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì dé Ouidah. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ kíkà àti kíkọ, tó mọ àdúrà, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ó lè kọ́ni. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ìwé-ẹ̀rí.

Ọdún 1903 ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ernest Roume, gómìnà àgbà fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fi òfin to ilé-ìwé sí ìpele-ìpele. Ilé-ìwé abúlé wà nísàlẹ̀, ti ẹkùn wà lórí rẹ̀, école primaire supérieure tún wà lókè. Ní orí gbogbo rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, École normale, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Sẹ́nẹ́gàl. Ní 1913 wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Gorée. Lẹ́yìn ikú gómìnà àgbà William Ponty ni wọ́n fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: École William Ponty. Sébikotane ni ó kó lọ lẹ́yìn náà.

Láti ìgbà náà ni irú olùkọ́ méjì ti wà. Moniteur ni èkíní: ọmọ tó gba ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí tó lọ síwájú díẹ̀, tí wọ́n sì fi sí kíláàsì kékeré. Instituteur ni èkejì: ẹni tó dé Ponty tó gba ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀. Wọ́n lè jọ wà ní ọgbà kan náà, kí wọ́n jọ máa kọ́ ọmọ ìlú kan náà, owó oṣù wọn kò dọ́gba, ọ̀wọ̀ wọn lójú ìjọba kò dọ́gba. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Báwo ni ọmọ ìlú wa ṣe ń dé Ponty? Àjàṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ, sí école primaire supérieure tó ń jẹ́ Victor Ballot, orúkọ gómìnà àkọ́kọ́ ní Dahomey. Ibẹ̀ náà ló padà di lycée, tí wọ́n ń pè ní Lycée Béhanzin lónìí. Lẹ́yìn èyí yóò ṣe concours, ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa àwọn tó dára jù. Ẹni tó bá yege á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sẹ́nẹ́gàl fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ronú sí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Sábẹ̀ láyé ìgbà náà: ọ̀nà ilé sí Àjàṣẹ́ pàápàá, ìrìn-àjò ńlá ni.

ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ OLÙKỌ́

Àwọn òyìnbó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà bí ìránṣẹ́ ìjọba fún wọn. Ó bí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bí ohun mìíràn pẹ̀lú.

Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1886, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní École normale Saint-Louis. Ó ṣe olùkọ́ ní Ouidah. Ní 1910 wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́. Ó di akọ̀ròyìn, ó ń kọ ohun tí ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí ará ìlú gbọ́. Nígbà tí Àjàṣẹ́ dìde lòdì sí owó orí ní 1923, wọ́n mú un, wọ́n sì lé e lọ sí Mauritania, ó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀.

Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ bákan náà, tí wọ́n bí ní 1890, gba ọ̀nà Saint-Louis yìí kan náà. Olùkọ́ ni kó tó di òǹkọ̀wé. Òun ló kọ Doguicimi tó jáde ní 1938.

Hubert Maga, tó di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Dahomey, ọmọ Ponty ni, olùkọ́ sì ni ní Natitingou.

Nítorí irú àwọn ènìyàn báyìí ni wọ́n fi pe Dahomey ní Quartier latin ilẹ̀ Áfíríkà. A máa ń fi orúkọ náà yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn díẹ̀ ló dé Ponty. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ àwọn bàbá wa ní A-B-D, moniteur ni wọ́n, kò sì sí ìwé tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Títí di 1938, kò sí École normale kankan fún wọn ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣí èyí tó wà ní Rufisque, lábẹ́ ìyáàfin Germaine Le Goff. Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin fi ṣíwájú obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí i pé àwọn olùkọ́ obìnrin kò pọ̀ ní CEG wa, ẹ má sọ pé àwọn ọmọbìnrin ò fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló jìnnà síra.

ÀÀLÀ KAN, Ọ̀NÀ MÉJÌ

Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà láàárín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà, ọmọ ọba kan náà. Ẹ wo bí ìlà náà ṣe pín iṣẹ́ olùkọ́ sí méjì.

Ọmọ ìhà Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ di olùkọ́ lè lọ sí St Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní 1896. Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, Yorùbá ló sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bó bá jáde.

Ọmọ ìhà tiwa, Faransé nìkan. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1 May 1924 sọ ọ́ gbangba pé Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò ní ilé-ìwé, ó sì ka èdè ìlú léèwọ̀ fún olùkọ́ láti bá ọmọ sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣì rántí "symbole", ohun ìtìjú tí wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ Nàgó ní kíláàsì. Ẹni tó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, olùkọ́ ọmọ Nàgó ni nígbà mìíràn. Kò kórìíra èdè ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni alábẹ̀wò òyìnbó á ṣe wá wò ó bóyá ó ń pa òfin mọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ jẹ́ ìwé lásán. Ohun tí a bá kọ́ olùkọ́ láti kà sí ìwà rere, òun ni yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́.

LẸ́YÌN OGUN: TA LÓ LÈ KỌ́NI NÍ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ?

Títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú gbogbo èyí. Ní ilé-ìwé gíga, àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Licence ni wọ́n ń béèrè fún professeur, kò sì sí ibi tí ọmọ adúláwọ̀ ti lè gba licence nítòsí. Ìwé-ẹ̀rí Ponty pàápàá, fún gbogbo ọlá tó ní, kì í ṣe baccalauréat. Ẹni tó jáde níbẹ̀ kò lè gbé e lọ sí yunifásítì Faransé. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n mọ òrùlé lé wọn lórí.

Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn aṣojú wa dé ilé-ìgbìmọ̀ ní Paris, wọ́n béèrè fún ìwé-ẹ̀rí tó dọ́gba pẹ̀lú ti Faransé. Ponty bẹ̀rẹ̀ sí múra ọmọ sílẹ̀ fún BAC. Ní 1950 wọ́n dá Institut des hautes études sílẹ̀ ní Dakar, ó sì di yunifásítì ní 1957. Ìgbà yìí ni ọmọ Dahomey tó ní BAC wá lè ronú pé òun lè di professeur láìré òkun kọjá.

Lákòókò kan náà, wọ́n so kíláàsì mélòó kan mọ́ ẹ̀yìn àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńlá, wọ́n pè é ní cours complémentaire. Òun ni baba CEG. Àwọn instituteur tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ọwọ́ wọn ti mọ́ dáadáa, ni wọ́n yàn síbẹ̀. Wọ́n mọ iṣẹ́ ìkọ́ni dé góńgó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní licence. Nítorí náà, nígbà tí bàbá àgbà bá ní olùkọ́ òun kò ní ìwé-ẹ̀rí ńlá síbẹ̀ òun mọ̀wé, òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé olùkọ́ náà ti lo ọdún púpọ̀ láti kọ́ bí a ti ń kọ́ni.

ÒMÌNIRA DÉ, OLÙKỌ́ KÒ TÓ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dahomey gba òmìnira. Gbogbo ìlú ló fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ Faransé tí wọ́n ń pè ní coopérant ló dí àlàfo náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé láàárín 1960 sí 1975 ló lè dárúkọ òyìnbó kan tó kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Kí a lè ní tiwa, Dahomey àti Togo pawọ́ pọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n dá Institut d'enseignement supérieur du Bénin sílẹ̀. Ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín yà. Ní 1970, ìlú kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì tirẹ̀: Université du Dahomey lọ́dọ̀ wa, tó di Université nationale du Bénin, tí a mọ̀ sí Université d'Abomey-Calavi láti 2001; Université du Bénin ní Lomé, tó ń jẹ́ Université de Lomé báyìí. Àwọn ará wa ní Togo ti ní "Université du Bénin" kí orúkọ ilẹ̀ tiwa tó di Benin ní 1975!

Nígbà tí yunifásítì dé, ìlànà ìwé-ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá fìdí múlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni. BAPES, tí í ṣe brevet d'aptitude au professorat de l'enseignement secondaire, wà fún ìpele kìíní, láti sixième dé troisième. CAPES, tí í ṣe certificat d'aptitude, wà fún ẹni tó máa lè kọ́ ìpele kejì títí dé terminale. Ẹni tó ní BAPES ń jẹ́ professeur adjoint. Ẹni tó ní CAPES ń jẹ́ professeur certifié. École normale supérieure tó wà ní Àjàṣẹ́ ni ilé wọn.

ÌGBÀ RÉVOLUTION: BAC LÓNÌÍ, OLÙKỌ́ LỌ́LA

Ní 26 October 1972 ni Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní 23 June 1975, wọ́n gbé òfin École nouvelle jáde: ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ, ilé-ìwé tó mọ oko àti iṣẹ́ ọwọ́, ilé-ìwé tó bọ̀wọ̀ fún èdè ìlú. Lójú tèmi, èrò náà dára. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì pọ̀ sí i, wọ́n dé àwọn ìlú tí kò ní irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti rí olùkọ́? Àwọn coopérant ń dínkù. ENS kò lè bí olùkọ́ yára tó. Ìjọba bá mú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC, wọ́n rán wọn lọ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Jeunes instructeurs révolutionnaires ni wọ́n pè wọ́n, JIR. Ọmọ tó kúrò ní terminale lánàá ló dúró níwájú troisième lónìí, nígbà mìíràn níwájú àwọn tó tó ẹgbẹ́ rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ bú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọkàn wọn ṣe é, láìsí wọn ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ì bá tì. Àmọ́ ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí ohun kan tí kò tíì fi wá sílẹ̀: nígbàkúùgbà tí nǹkan bá há, ẹnu-ọ̀nà kejì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń fò kọjá. A máa ń wí pé ẹni tó bá ti mọ̀wé, á mọ̀ ọ́n kọ́.

ÌGBÀ TÍ ÀPÒ ÌJỌBA GBẸ

Láàárín àwọn ọdún 1980, owó tán nílẹ̀. Ní 1987 wọ́n ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba kò sì gba òṣìṣẹ́ tuntun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 1989 ni Benin bọ́ sábẹ́ ètò tí Banki Àgbáyé àti FMI là sílẹ̀, èyí tó ní kí ìjọba dín òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, owó oṣù kò wọlé. Àwọn olùkọ́ dá iṣẹ́ dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde sí ìgboro. Ọdún ìwé 1988-1989 di année blanche, ọdún òfo. Nínú ìrúkèrúdò yẹn ni Conférence nationale ti wáyé ní February 1990.

Òmìnira òṣèlú dé. Àwọn ọmọ pọ̀ sí i ní ilé-ìwé, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ìlú kọ́ CEG fúnra wọn, òmíràn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ilé-ìwé wà, ọmọ wà, olùkọ́ tí ìjọba yàn kò sí. Ẹgbẹ́ àwọn òbí bá ń wá ọ̀dọ́ tó ní BAC tàbí licence, wọ́n ń fi owó tí àwọn òbí dá san án. Vacataire nìyẹn. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ rí, mo mọ̀ ọ́n: bí ìdánwò bá ti parí tí ìsinmi ńlá dé, owó parí títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ á padà sí oko, tàbí kó gun zémidjan.

Kíyè sí i: moniteur ayé Roume ló padà wá. Òun àti certifié jọ wà ní ọgbà kan, ọmọ kan náà ni wọ́n ń kọ́, owó wọn jìnnà síra bí ilẹ̀ sí ọ̀run.

Lẹ́yìn 2006, lábẹ́ Yayi Boni, ìjọba sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ìlú gbà yìí di òṣìṣẹ́ aláàdéhùn ti ìjọba. Ìdùnnú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe yí: ẹnu-ọ̀nà kẹta, ipò, ni àwọn kan kọ́kọ́ wọ̀, kí wọ́n tó padà wá kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún púpọ̀. Àwọn mìíràn ti di ẹni ogójì ọdún kí wọ́n tó jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ láti gba BAPES. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Láti 2019 ni ìjọba ti gbé ètò mìíràn kalẹ̀: aspirants au métier d'enseignant, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AME. Wọ́n ṣa wọn pẹ̀lú ìdánwò, wọ́n sì ń pín wọn sí ilé-ìwé pẹ̀lú àdéhùn. Ó tò ju ti vacataire lọ, nítorí kì í ṣe olórí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń wá ènìyàn tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n aspirant, bí orúkọ náà ti wí, ẹni tó ń retí ni. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

BÓ TI RÍ LÓNÌÍ, FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Ní Benin, ẹni tó bá fẹ́ BAPES ní láti kọ́kọ́ ní BAC. Yóò ṣe concours láti wọ ENS, yóò lo ọdún mẹ́ta, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yàn pẹ̀lú bí a ti ń kọ́ni, yóò sì lọ ṣe stage ní CEG níwájú olùkọ́ àgbà tó ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ CAPES ní láti ti gba licence, kí ó tó lọ ṣe ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọdún méjì. Yàtọ̀ sí Àjàṣẹ́, ENS wà ní Natitingou fún sáyẹ́ǹsì. Ti iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Lokossa. Lẹ́yìn gbogbo èyí, concours ti ìjọba láti gbà yín síṣẹ́ ṣì kù. Ìwé-ẹ̀rí kan kò rọ́pò èkejì.

Ní Togo, ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé, ilé yín ni wọ́n gbé e sí. ENS Atakpamé ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní Ànà, ni wọ́n ti ń gba ìmọ̀ yìí lọ káàkiri.

Ní ìhà kejì ààlà, ní Nàìjíríà, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí fún olùkọ́, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbà á. Láti 1993 ni àjọ TRCN sì ti wà láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀kọ lè gba NCE nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, kó sì fi jẹun. Ọmọ Kétu tí í ṣe ìbátan rẹ̀, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn, ìṣirò àti irú wọn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà 1889 kò tíì parẹ́ nínú ìwé-ẹ̀rí wa.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ FI KỌ́ WA

Ẹni tó bá sọ pé àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ̀wé ju ti òní lọ, kó rántí pé ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ọpọlọ. Àwọn ti àtijọ́ ni ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó dá wọn dá kíláàsì. Àwọn ti òní, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìwé-ẹ̀rí tó ga ju ti Ponty lọ, ṣùgbọ́n a tì wọ́n sínú odò pé kí wọ́n máa wẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jáde, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rì, àwọn ọmọ wa sì wà léjìká àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí tó wà nínú ẹgbẹ́ òbí ní CEG, nígbà tí ẹ bá ṣe ìpàdé, ẹ má béèrè iye olùkọ́ nìkan. Ẹ béèrè pé mélòó nínú wọn ló ti kọ́ṣẹ́, ta ló sì ń tọ́ àwọn tuntun sọ́nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC, bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ wo ọ̀nà ENS kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, kí ẹ má baà gba licence tán kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà méjì ṣì kù. Ẹ̀yin aspirant àti vacataire, ẹ sún mọ́ àgbà olùkọ́ tó wà lọ́gbà yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ṣe JIR, tó ṣe moniteur, tó rántí symbole àti année blanche, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀ jù. Ìwé ìjọba ti tọ́jú orúkọ àwọn gómìnà. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú yín, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí èrè iṣẹ́ olùkọ́ má jẹ́ ti ọ̀run nìkan.